Àbàwọ́n Tí Bàbá Onífọ́tò Nù Kúrò

Tí ẹ bá gbé fọ́tò fún Bàbá Onífọ́tò, ẹ má retí pé bó ṣe wà ló máa padà. Rorẹ́ ni o, ojú wíwú ni o, yóò fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́ ráúráú. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ nípa ìràwọ̀ lọmọ yìí ń kọ́ àwọn èèyàn, ọ̀sán ọjọ́ náà ló sì fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú èrò fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwòrán ojú ọ̀run kan ló ní kí bàbá tẹ̀ ní gbàgàdà. Ìràwọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú, àfi ibì kan láàárín tó dúdú kirikiri. Bàbá ní ọmọ òun kò ní gbé àbàwọ́n síwájú èrò. Ó fara balẹ̀, ó fi ìràwọ̀ bo ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nígbà tí ọmọ dé, ó wo àwòrán náà, ó sì jókòó wọ̀ọ̀.

“Bàbá mi, ibi dúdú tó wà níbí ńkọ́?”

“Mo ti bá ọ nù ún kúrò.” Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ọpẹ́.

“Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Gáàsì àti eruku ló kóra jọ síbẹ̀, ó ki débi pé ìmọ́lẹ̀ ò lè gba inú ẹ̀ kọjá. Inú ẹ̀ ni ìràwọ̀ tuntun ti ń wáyé.”

Ẹ gbà mí o! Odidi ilé ìgbẹ̀bí ni bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ wó palẹ̀. Ojú tì í gan-an. Àwòrán àtilẹ̀wá ṣì wà nínú fóònù ọmọ, ni wọ́n bá tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fà, àkókò sì ń lọ.

“O ò bá ti kìlọ̀ fún mi,” bàbá ní.

Ọmọ ń wo àwọn fọ́tò ara rẹ̀ lára ògiri. “Àpá iná ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò sí nínú ìkankan. Láti kékeré ni mo ti rò pé ẹ̀ ń tijú mi.”

Ọ̀rọ̀ náà gún bàbá lọ́kàn. “Kí wọ́n má baà fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni,” ó ní. “Èmi? Kí n máa tijú ìwọ?”

Àwòrán jáde, ibi dúdú náà wà níbẹ̀ digbí. Bàbá ká a, ó gbé e fún un, ó wá mú kámẹ́rà.

“Jókòó díẹ̀ sí i.”

Ọmọ jókòó, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò ní àpá sí bàbá, bó ṣe máa ń ṣe.

“Rárá,” bàbá ní. “Èkejì ni kí o yí sí mi.”