Ìyẹ̀fun Dúdú Lára Súìṣì

Ìka Adúmáadán dúdú bí ìdí ìkòkò, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń fi ìyẹ̀fun gíráfáìtì, èròjà dúdú inú pẹ́ńsùlù tó ń mú nǹkan yọ̀, pa súìṣì ògbólógbòó tó wà lára ògiri yàrá tí wọ́n ti ń po èròjà pẹ́ńsùlù. Ó pa á lókè, ó pa á nísàlẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n ń dì mú. Oníná, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti pa iná gbogbo ilé-iṣẹ́ láti àárọ̀ kó lè tún wáyà ìta ṣe. Kò sí ewu. Àná ni súìṣì olórí kunkun yìí bó Oníná lọ́wọ́. Ọwọ́ tí yóò fi òrùka sí i níka lóṣù tó ń bọ̀!

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yìí. Bàbá Oníléru ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí òun ló ń yan ọ̀pá inú pẹ́ńsùlù nínú iná. Àgádágodo o, ìlẹ̀kùn o, kò sí ohun tó le tí baba náà kì í fi gíráfáìtì mú rọ̀. Súìṣì iléru tirẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Bó bá ti ń gbé e, igbe burúkú ni súìṣì náà máa ń ké, gbogbo ọgbà a sì gbọ́. Láàárọ̀ yìí ni baba ń ráhùn pé igbe náà ti sú òun.

Oníná wọlé, ó ń nu òógùn.

"Adúmáadán mi! Iná ti dé. Ó ku kí fèrè dún, ká gbé súìṣì."

"Káàbọ̀, olówó orí mi lọ́la. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn ẹ́."

"Jẹ́ n kọ́kọ́ fi tèmi hàn ẹ́."

Ó yọ bátìrì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì lápò, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ pẹ́ńsùlù kan tó ti gbẹ́ lórí àti nídìí.

"Wọ́n ń pe inú ẹ̀ ní lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé. Irọ́ ni. Ọmọ ìyá èédú ni. Ó tò léra fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé ìwé, kò sì di ara ẹ̀ mú. Tó o bá fà á lórí bébà, ewé kan á yọ̀ kúrò lórí èkejì."

"Bí ìfẹ́ àwọn ọkùnrin kan. Amọ̀ tá a ń pò mọ́ ọn ló ń dì í mú."

"Ìwọ ni amọ̀ tèmi. Ó yá, wò ó."

Gílóòbù náà tàn yòò.

Ẹ̀rín kú sí Adúmáadán lẹ́nu. "Báwo ló ṣe tàn?"

"Gíráfáìtì ni. Iná ń gba inú ẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ọ̀nà ilé bàbá ẹ̀."

Fèrè dún. Oníná dìde, ó nawọ́ sí súìṣì.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Adúmáadán fò mọ́ ọn látẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀. Oníná wo súìṣì tó ń dán. Ó wo ìka tó dì í mú, ó sì rọra yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́; Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ewu ni. Ohun tí Adúmáadán rí lójú olólùfẹ́ rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni pé òun gan-an ni ewu náà.

"Ìwọ lo kùn ún?"

"Kó má baà bó ẹ lọ́wọ́ mọ́ ni."

"Ibo lo tún kùn?"

"Ibẹ̀ nìkan ni. Bàbá mi ló máa ń..."

Àwọn méjèèjì kọ etí sí ọ̀nà iléru. Lójoojúmọ́, fèrè kì í tíì dákẹ́ tán tí súìṣì baba yóò fi ké.

Fèrè dákẹ́.

Lẹ́yìn ògiri, abẹ̀bẹ̀ iléru bẹ̀rẹ̀ sí í yí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹnì kan ti gbé súìṣì náà. Kò sì ké: baba ti fi gíráfáìtì pa á.