Àdúrà Tí Wọ́n Gé Kù

Ṣọ́ọ̀ṣì ni Bàbá Oyèkànmí ti gbàdúrà, ní Padova, ní Ítálì. Inú àwo orin ló ti wá bá a.

Mọ́yọ̀ọ̀lá, ọmọ ìjọ wọn tó ń fọn saksofóònù ní Torino, ló ń ṣe àwo náà. Ó fi ń rántí àwọn èèyàn dúdú etíkun Georgia ní Amẹ́ríkà, tí ẹnì kan wọn á máa pe orin, tí ìyókù á máa jó yípo, tí wọn á máa gbè. Ó ti gba ohùn bàbá sílẹ̀ níbi àdúrà náà ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn.

Bàbá gbọ́ ọ. Ó dùn. Àfi bó ṣe dé ibi tó ti ní kí permesso, ìwé ìgbélùú Bíọ́dún, ọmọ òun, jáde. Fèrè gba ẹnu rẹ̀. Wọ́n ti gé e kó tó dárúkọ Jésù.

Permesso ò tíì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá wọ treno lọ sí Torino.

"Ẹ má bínú, sà," ni Mọ́yọ̀ọ̀lá wí lórí ìkúnlẹ̀. "Orin yẹn ló gùn jù."

"Lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì, ta ni yóò gbà á? Parí ẹ̀, tàbí kí o yọ ohùn mi kúrò."

Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ tẹ àwo náà. Gabriele, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, tan ẹ̀rọ.

"Ní orúkọ Jésù," ni bàbá wí.

"Perfetto!"

Bàbá ò mira.

"Kí lẹ ń dúró dè, sà?"

"Àmín."

Mọ́yọ̀ọ̀lá ṣe é.

"Ìwọ nìkan? Òyìnbó yẹn ńkọ́?"

"Kò gba Ọlọ́run gbọ́, sà."

"Ṣé mo bi í ni?"

Gabriele ṣe Àmín bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Bó bá jẹ́ nǹkan tirẹ̀ ló há, ṣé bó ṣe máa ṣe é nìyẹn?"

Mọ́yọ̀ọ̀lá túmọ̀ rẹ̀. Ojú Gabriele yí padà. Ó dìde, ó pariwo "Amen!" tí gíláàsì fi gbọ̀n.

"Ó ti dé ibi tó ń lọ," ni bàbá wí. Ó dé fìlà.

Gabriele di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó ń bá Mọ́yọ̀ọ̀lá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó ní ìgbà mẹ́rin lòun ti kùnà nínú ìdánwò patente, sà. Ọjọ́bọ̀ yìí lòun tún ń lọ wa mọ́tò fún wọn."

Bàbá wò ó. Ó ṣí fìlà.

"Sọ fún un pé àdúrà tiwa kì í kúrú o."

Gabriele pa ẹ̀rọ, ó di ojú.