Awò Tó Ń Dojú Ayé Dé

1

…má jẹ́ kí awò ìràwọ̀ kankan fi dídán tàn ẹ́ jẹ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po ẹgbẹ̀ta, kúrò níbẹ̀. Ìbú dígí iwájú ni kí o wò, òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbọin-gbọin. Bí owó ò bá tó, ra awò olójú méjì, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n, Adébùsọ́lá, ṣé ìgbà yìí gan-an ló yẹ?

— Adékọ̀yà

2

Adékọ̀yà, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì aṣọ́bodè ní èbúté, ló kọ lẹ́tà náà. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni tẹ́lẹ̀. Adébùsọ́lá, tó ń tẹ̀wé fún un, ká a pọ̀ sínú báàgì.

Láti oṣù keje tí rédíò ti kéde pé ènìyàn ti fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn ń fetí sí ìró ìbọn. Òun ń wòkè.

3

ÌKÉDE
PORT HARCOURT, OṢÙ KỌKÀNLÁ 1969

KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ RÌN LÓRU.
KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ TANNÁ SÓJÚ FÈRÈSÉ.
A Ó MÚ ẸNI TÍ A BÁ BÁ NǸKAN AMÍ LỌ́WỌ́ RẸ̀.

4

Mile 3, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìsọ̀ Bashiru, ọmọ Ìlọrin tó ń ta àlòkù.

BASHIRU: Ẹ wo èyí, àǹtí. Ìlọ́po ẹgbẹ̀ta! Ẹ máa rí ẹnu ọ̀nà ọ̀run.

ADÉBÙSỌ́LÁ: Dígí rẹ̀ ò ju bọ́tìnnì lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

BASHIRU: Olójú méjì yìí ńkọ́?

ADÉBÙSỌ́LÁ: Ojú kan ti fọ́. Kí ló wà lábẹ́ tapólì yẹn?

BASHIRU: Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ó ti bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi wo èèyàn, orí ló ń fi rìn.

Ọ̀pá dúdú gígùn kan ni. Dígí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu ife. Ẹsẹ̀ igi mẹ́ta, kò mì. Ó mọ̀ pé kò bàjẹ́. Bí awò ìràwọ̀ ṣe ń dojú nǹkan dé nìyẹn. Kò sọ. Owó ọwọ́ rẹ̀ ká a.

5

Kò béèrè ilé ta ni wọ́n ti gbé e jáde, nínú àwọn tó sá fógun.

6

Rumuola. Oòrùn ń wọ̀. Àwọn ọmọ ogun dá takisí dúró, wọ́n tú tapólì.

SÁJẸ́ŃTÌ SÀLÁWÙ: Madam, wetin be dis?

ADÉBÙSỌ́LÁ: Na… awò ni, sà. Mo fẹ́ fi wo òṣùpá.

SÀLÁWÙ: Ọmọ Yorùbá ni ẹ́? Wọ́n ń pa àwọn ọmọ mi lójú ogun, o ń wo òṣùpá. Ta ló rán ẹ?

ADÉBÙSỌ́LÁ: Kò sẹ́ni tó rán mi, sà.

Ẹnìkan fa ìbọn kàkà lẹ́yìn rẹ̀. Ó nawọ́ sí géètì ibùdó wọn lọ́ọ̀ọ́kán.

ADÉBÙSỌ́LÁ: Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ fi wo àwọn tó wà ní géètì yẹn.

Sàláwù bẹ̀rẹ̀, ó fojú lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀.

SÀLÁWÙ: Orí ni wọ́n fi ń rìn.

ADÉBÙSỌ́LÁ: Amí wo ló máa fẹ́ ìyẹn, sà?

Sójà kan bú sẹ́rìn-ín. Sàláwù ò rẹ́rìn-ín.

7

Sàláwù fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀pá náà sókè, sí òṣùpá tó ti yọ lókè àwọn òrùlé páànù.

"Kò sí ilé kankan níbẹ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tó nàró, ohùn rẹ̀ ti le padà.

"Níbo lò ń gbé? Ọ̀gá wa á fẹ́ rí i. A ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kó wà níbẹ̀."

Adébùsọ́lá sọ ilé rẹ̀ gan-an fún un. Irọ́ ò tètè wá sí i lẹ́nu.

8

Mo ti gbọ́ ti àwọn sójà. Jù ú sódò. Tàbí kí o gbé e fún wọn. Má bá wọn jiyàn. — Adékọ̀yà

9

Mo ti tà á, sà.
Wọ́n ti jí i, sà.
Ẹ gbà, sà.

(Ó ń dán wọn wò níwájú dígí ìwojú. Kò sí èyí tó bá ẹnu rẹ̀ mu.)

10

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́. Òun tó ra awò ò tíì fi wo nǹkan kan: ìkuukùu lálẹ́ kan, ẹ̀rù lálẹ́ méjì. Ó gbé e sójú fèrèsé, kò tanná.

Òṣùpá sá fún un. Ó wá a. Ó rí i.

Òkè. Kòtò. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn rí wúruwùru bíi búrẹ́dì tí wọ́n fọwọ́ ya. Omi lé ròrò sí i lójú, ó yára nù ún kí ó má bàa bo dígí.

Mọ́tò kan dúró níta. Ìró bàtà. Wọ́n kanlẹ̀kùn.

Òṣùpá ń yọ́ jáde kúrò nínú dígí, díẹ̀díẹ̀. Ó sún ọ̀pá tẹ̀ lé e.

Wọ́n tún kàn án, kíkan-kíkan.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, kò gbójú kúrò níbẹ̀, "ẹ dúró díẹ̀."