Ẹ̀rù Tí Mo Kọ́ Kétúrà

Ẹ má pè mí ní ènìyàn rere. Gbogbo abúlé wa ní Massachusẹ́tì, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì mí.

Kétúrà ni ìyàwó àbúrò mi, Asáhẹ́lì. Nígbà tó bí Jábésì, wọn ò lè ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà, torí pé nínú bàbá àti ìyá rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó di ọmọ ìjọ. Lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n tó gbà ọ́, wàá kọ́kọ́ dìde láàárín ìjọ sọ bí Ọlọ́run ṣe bá ọkàn rẹ pàdé. Wàá sọ bí o ṣe wárìrì, bí o ṣe rí iná ọ̀run àpáàdì, kí àánú tó dé. Bó ṣe wà nínú gbogbo ìwé tí à ń kà nìyẹn. Èmi gan-an, inú ìwé ìwàásù ni mo ti yá ẹkún tèmi. Mi ò bẹ̀rù Ọlọ́run rí. Ẹnu ará abúlé ni mo bẹ̀rù.

Kétúrà dìde ní tirẹ̀, ó ní lọ́jọ́ kan màlúù ta korobá wàrà dànù, òun yọ̀ ṣubú sínú ẹ̀, bí òun ṣe jókòó síbẹ̀ ni òun mọ̀ dájú pé Ọlọ́run ń bá òun rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ń húkọ́. Ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń nu omijé. Inú bí mi burúkú. Ó wá rọrùn fún òun tó bẹ́ẹ̀?

Ni mo bá gba ilé Alàgbà Húpà lọ. Mo ní mo fẹ́ràn ìyàwó wa o, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wárìrì rí, ṣé a lè ní ó mọ Ọlọ́run? Wọ́n ní kí Kétúrà padà lọ yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò.

Ara Jábésì ti ń gbóná lemọ́lemọ́ nígbà náà, ẹ̀rù sì ń ba ìyá rẹ̀ pé kó má lọ kú láìṣèrìbọmi. Ó wá bá mi. Kò mọ̀ pé èmi ni mo lọ fẹjọ́ òun sùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù. Ẹ̀rí tiyín ló wọ̀ wọ́n lọ́kàn jù."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Mo kọ́ ọ ni. Bí a ṣe ń yín àgbàdo, mo ń sọ ti ọ̀gbun àti ìbínú tí kì í tán. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá wo ló ń ṣe ọmọ ẹ̀ báyẹn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìjọ gbà á. Ẹkún tó sun, kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jábésì ṣèrìbọmi, ara rẹ̀ sì yá. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo gba ọkàn là.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ilé ìdáná mi ló ti lé tèmi bá, lánàá. Jábésì, tó ti ń rìn báyìí, da abọ́ wàrà sílẹ̀, ó yọ̀ ṣubú sínú ẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa èmi náà.

Kétúrà fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu. Ojú rẹ̀ wà lókè àjà.

"Dákẹ́," ó ní. "Ọlọ́run ń wò ẹ́."

Mo mú àkísà, mo kúnlẹ̀, mò ń nu wàrà. Mi ò lè wo ojú Kétúrà.