Ọ̀wọ̀ Tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà Fi Wọ̀ Wá

Nínú ẹbí tiwa ní Ìlá, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Hezekiah Ọláwuyì, akọ̀wé ìjọ. Èmi náà gbọ́ ọ o. Olùkọ́ ni mí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Gẹ̀ẹ́sì tèmi, aṣọ ni. Ti Bàbá Hezekiah, àkísà.

Lọ́dún 1958, mo fẹ́ lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Mi ò fẹ́ ohun mìíràn láyé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin kan fi ìwé òfin wọn ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà àkọ́kọ́ á kọ̀wé kí oṣù kọkànlá tó wọlé, á gbọ́ èsì ní oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n á fọwọ́ síwèé pé bí wọ́n bá gba òun, ibẹ̀ lòun ń lọ, òun á sì sọ fún gbogbo ibi yòókù pé òun ò wá mọ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà kejì á kọ̀wé kí oṣù kejì tó wọlé, á gbọ́ èsì ní oṣù kẹrin, kò sì búra fún ẹnikẹ́ni.

N kò tíì túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi tán tó ti yé Bàbá Hezekiah.

"Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni," wọ́n ní. "Ti àkọ́kọ́, ìdána ni. Ti ìkejì, ọmọge tó ń bá gbogbo ọkùnrin ṣeré lọ́nà odò ni. Ọmọ ilé wa ò ní ṣe ti ìkejì."

Kí n má parọ́, títí dòní n kò tíì gbọ́ àlàyé tó dára jùyẹn lọ. Mo fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mo tún kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ní ìpínlẹ̀ Ohaiyo, lọ́nà kejì, nítorí pé òfin gbà á, ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà.

Ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ dé nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá mi fi ebè iṣu sílẹ̀ lóko, gbogbo ẹbí pé sí pálọ̀ Bàbá Hezekiah. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, títí wọ́n fi kan ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò rí rí: deferred. Wọ́n ní kí n gbé ìwé atúmọ̀ èdè wá.

"Ó ní 'sún síwájú'," ni Bàbá wí, wọ́n sì wò wá. "Ṣé àga ni Bọ́láwùmí wa yìí, tí wọ́n á fi máa sún un?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìka wọn sọ̀ kalẹ̀ sí ìtumọ̀ kejì. "'Kí ènìyàn yẹra fún ẹlòmíràn nítorí ọ̀wọ̀.' Hẹn-ẹ́n! Òyìnbó ti bọ̀wọ̀ fún wa."

Láti ẹ̀yìn àga wọn, mo rí gbogbo ìwé náà kedere. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò gbà mí, wọn ò sì kọ̀ mí. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ mi di oṣù kẹrin, kí wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú ti àwọn tó gba ọ̀nà kejì. Ìbúra tí mo fọwọ́ sí ò tíì mú mi rárá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tún dárúkọ oṣù kẹrin níbẹ̀…"

"Oṣù kẹrin ni wọ́n á fi ọ̀rọ̀ han àwọn ẹbí wọn tó kù. Ta ní í gbàyàwó láìfi han ẹbí?"

Mo wo bàbá mi. Omijé ayọ̀ ti bo ojú wọn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá Hezekiah dúró níwájú ìjọ, wọ́n dúpẹ́ fún ọmọ Ìlá tí Amẹ́ríkà bọ̀wọ̀ fún. Títí dé Òkè-Ìlá ni wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá kọ̀wé sí Ohaiyo, pé kí wọ́n má bínú, ọmọ wa ti ní ọkọ. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ fi í ránṣẹ́.

Mo dúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ṣé kí n fà á ya? Ìwé àgbà ni, àgbà ló sì rán mi. Ẹ̀rù bà mí, inú bí mi, mo sì jù ú sínú àpótí.

Ohaiyo fèsì ní oṣù kejì. Wọ́n ní àwọn ti ń múra láti gbà mí, kí n sì kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bá mi yọ̀, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kí ọkọ mi.

Ní oṣù kẹrin, ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ tún dé. Ìlà mẹ́ta péré ni. Bàbá Hezekiah kà á, wọ́n sì nawọ́ sí ìwé atúmọ̀ èdè.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣí i, Bàbá," mo ní. "Wọn ò gbà mí. Wọn ò sì tíì gbà mí rí. Ọ̀rọ̀ oṣù kejìlá yẹn, wọ́n kàn ní ká dúró ni."

Bàbá fa ọwọ́ wọn padà.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ìwé dé, sà."

Bàbá Hezekiah bọ́ awò ojú wọn. "O mọ̀, o sì jẹ́ kí n lọ dúró níwájú ìjọ Ọlọ́run?"

Mo fẹ́ wí pé mo gbìyànjú láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú tó wà nílé náà ti kúrò lára Bàbá, ara mi ni wọ́n wà, títí kan ti bàbá mi. Ìyá mi ní, "Bọ́láwùmí, o ò ṣe é re. Bí àgbà bá fẹ́ kó sí kòtò, ṣé wíwò là ń wò ó?"

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n bá mi wí títí ọ̀sán fi pọ́n, oníkálukú pẹ̀lú òwe tirẹ̀, mo sì ń bẹ̀ wọ́n. Ó ń dùn mí wọ akínyẹmí ara, Amẹ́ríkà sì ti lọ. Nígbà tó yá, àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n sì dárí jì mí.