Ẹni Tó Ti Kúrò Níbẹ̀ Ni Kó O Bi

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, Jọlá, ọmọ mi kan ṣoṣo, wọlé wá bá mi ní kíṣìnì, ó ní òun ti ríṣẹ́. Mo ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti dúpẹ́ kó tó sọ ibi tí iṣẹ́ náà wà. Ó ní Indonesia ni, pé òun fẹ́ lọ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rọra gbé ọwọ́ mi wálẹ̀, mo padà sídìí ọbẹ̀ tí mo ń sè.

Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ tí mo bí sí Dallas yìí, tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi jà láti ọmọ ọdún méjì, ó fẹ́ lọ fi ìjà yẹn ṣiṣẹ́ jẹun lókè òkun. Ọdún mẹ́rin ló lò ní yunifásítì ní Arlington. A rán an pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bíi tèmi. Nígbà tó máa fi parí, ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ló gbé wálé. Dàpọ̀, bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Addison, ní kí n fara balẹ̀, pé kò sí ìmọ̀ tó ṣe é jù nù. Òótọ́ ni. Àga tó kán lẹ́sẹ̀ náà ò ṣe é jù nù nílé wa, ó ti pé ọdún mẹ́rin ní gáráàjì.

Ilé-ẹ̀kọ́ èdè méjì ló fẹ́ gbà á, wọ́n sì ní kó mú ọ̀kan kó tó di Fúráìdé ọ̀sẹ̀ kejì. Èyí àkọ́kọ́ wà ní Jakarta, ìlú ńlá wọn. Ẹ̀ka méjìlá ló ní, ó sì ní fídíò tí àwọn olùkọ́ ti ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń polówó ọṣẹ ìfọyín. Èkejì wà ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Malang: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, yàrá ìkàwé mẹ́fà, fọ́tò tó ṣú dẹ̀dẹ̀. Jakarta ni ọkàn Jọlá wà. Ó ní ibẹ̀ lorúkọ wà. Mo ní ẹ kú orúkọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo fi òkè tó ń yọ iná hàn án lórí fóònù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ilẹ̀ tó ń mì. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ejò kan tó gbé odidi àgbẹ̀ mì. Jọlá wo ejò náà dáadáa, ó ní, "Mummy, this is literally AI." Mo ní bí èyí ò bá sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ó ń lọ kọ́ àwọn ènìyàn ní Indonesia, wọ́n ti gbà pé iṣẹ́ míṣọ́nnárì ni. Sister Wúrà dì mọ́ mi, ó ní àdúrà mi ti gbà. Wọ́n kọ orúkọ Jọlá sínú ìwé àdúrà ọ̀sẹ̀ náà, láàárín ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún àti ẹni tó ń wá ọkọ. Mi ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Àdúrà kì í pọ̀ jù fún ẹni tó ń lọ síbi tí ejò wà.

Dàpọ̀ ló wá sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní, "Fọlákẹ́, ìwọ tó o máa ń bá gbogbo ẹbí wádìí ilé ọkọ, kí ló dé tó ò wádìí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, dípò kó o máa fi ejò dẹ́rù ba ọmọ?"

Ó mọ ibi tó ti mú mi. Bí wọ́n bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi tí mo wà ní Carrollton lẹ́bàá Dallas ni wọ́n ṣì máa ń pè, torí mo mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú ilé onílé wò. Ìyá mi ló kọ́ mi. Ó ní má béèrè lọ́wọ́ bàbá ọkọ, torí kò sí onílé tó máa sọ pé òrùlé òun ń jò. Má béèrè lọ́wọ́ ìyàwó tó ṣì wà níbẹ̀, torí ògiri létí. Ìyàwó tó ti kó ẹrù jáde ni kó o wá lọ. Ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ ni kó o bi.

Ilé-ẹ̀kọ́ Jakarta ti fún Jọlá ní nọ́ńbà olùkọ́ wọn kan, Jessica, pé kó pè é bó bá ní ìbéèrè. Jọlá pè é. Jessica ní gbogbo nǹkan dùn, gbogbo nǹkan dára. Kí ló tún fẹ́ sọ, nígbà tó jẹ́ pé ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ ló ti gbé fóònù?

Mo bá wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Indonesia lórí Facebook. Mo kí gbogbo wọn, mo dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, mo ní kí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, tó sì ti KÚRÒ, jọ̀wọ́ kó pe ìyá kan ní Texas. Mo fi nọ́ńbà mi sí i. Dàpọ̀ ní àwọn gbájúẹ̀ máa pè mí títí ọdún máa fi parí. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń jẹ ìrẹsì ọ̀sán mi nínú mọ́tò níwájú ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin kan pè mí láti Ohio. Bridget lorúkọ rẹ̀. Oṣù márùn-ún ló lò ní Jakarta.

Bridget ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tóun dé, wọ́n kó òun sínú kíláàsì àwọn ọmọ ọdún méje, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò sẹ́ni tó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Láàárọ̀ ẹ̀ka kan, lọ́sàn-án ẹ̀ka mìíràn, nírọ̀lẹ́ ẹ̀ka kẹta, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láàárín wọn. Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe ìwé àṣẹ iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó lé e. Nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó lè máa kọ́ wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo bi í bóyá ó ṣì ń kọ́ni. Ó ní rárá o, iléeṣẹ́ adójútòfò lòun wà báyìí. Ó ní bí òun bá kọjá níwájú ilé-ẹ̀kọ́, àyà òun máa ń já.

Ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn. Oṣù márùn-ún péré! Bí Jọlá bá lọ ní oṣù kẹfà, ó máa bá wa jẹ Kérésìmesì nílé, ọ̀rọ̀ Indonesia á sì parí síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti ṣe ni kí n pa ẹnu mi mọ́, ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ mí mọ́ rí.

Mi ò tíì jẹ ìrẹsì náà dé ìdajì tí ti Malang fi pè. Bàbá àgbàlagbà kan ni, George, láti Tulsa. Ó ní ọdún kan lòun bá lọ, òun lo mẹ́sàn-án. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó wọ bàálù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá àwọn olùkọ́ ibẹ̀, obìnrin kan, ò jẹ́ kó kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn kíláàsì ló jókòó sí, tó ń wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá yìí náà wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì tirẹ̀ fún oṣù kan gbáko, tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Mo bi í pé kí ló wá lé e kúrò. Ó ní ìyá òun ló ń ṣàìsàn. Mo bi í pé nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, àwọn wo ló padà wálé lẹ́yìn ọdún kan. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní méjì fẹ́ ọmọ ìlú ibẹ̀, ẹnì kan ń ta kọfí, àwọn yòókù ṣì ń kọ́ni. Òun ò rántí ẹni tó padà.

Mo pa ìrẹsì náà dé. Ilé burúkú máa tètè dá ọmọ mi padà fún mi, ilé rere ló máa gbà á lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn wádìí, bí ilé bá ti dára, ṣe ni mo máa ń pariwo ayọ̀ lórí fóònù. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ìyá ìyàwó lè máa sunkún ní yàrá.

Nígbà tí Dàpọ̀ béèrè ibi tí ìwádìí dé, mo ní kò sẹ́ni tó tíì pè. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Nígbà tó di Sátidé, ọkọ̀ Jọlá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo bá gbé e lọ sí láíbìrì tó ti máa ń kọ́ àwọn àlejò ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò wọbẹ̀ rí. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀, mo ń díbọ́n bí ẹni tó ń kàwé. Ìyá àgbà kan fẹ́ kọ́ bí yóò ṣe pe ọ́fíìsì dókítà fúnra rẹ̀, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ má baà máa bá a pè é mọ́. Jọlá fi ọwọ́ ṣe fóònù, ó ṣe bí ẹni tó gbé e. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó há, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún há. Jọlá tí kò lè fi sùúrù wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ gbé ọwọ́ sétí, ó dúró, kò bá a parí ọ̀rọ̀, kò wo aago. Nígbà tí ìyá náà sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ tán, àwọn obìnrin yòókù pàtẹ́wọ́, ojú ọmọ mi sì tàn lọ́nà tí mi ò rí rí ní gbogbo ọdún tó fi ń kọ́ṣẹ́ tèmi. Mo rántí Bridget àti àyà rẹ̀ tó ń já.

Síbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ má pè mí ní ènìyàn mímọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni mo tún fi pa á mọ́ra.

Nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Jọlá nídìí tábìlì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé àdéhùn Jakarta ló wà níwájú rẹ̀.

"Jọlá, má fọwọ́ sí i."

"Mummy, please. Not today."

"Ibẹ̀ ò dára. Mo bá ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn ò ní kọ́ ẹ níṣẹ́, wọ́n máa gba pásípọ́ọ̀tù ẹ mọ́wọ́."

"Ejò náà máa wá gbé mi mì. Ẹ ti sọ fún mi."

"Bridget lorúkọ ẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀ rèé, pè é."

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín ni, àbí? Ẹ ti sọ ohun tó máa sọ fún un."

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba ẹnu mi jẹ́. Ó gbé ìka lé kọ̀ǹpútà. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé o ti gbìyànjú, Fọlákẹ́, jẹ́ kó lọ, á padà wálé.

"Lọ sí Malang," ni mo ní.

Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ ń sọ pé kí n lọ?"

"Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa jókòó tì ẹ́ fún oṣù kan títí iṣẹ́ á fi mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ìwé ẹ máa ti wà nílẹ̀ kó o tó gbéra. Bàbá kan lọ síbẹ̀ fún ọdún kan, ó lo mẹ́sàn-án, àìsàn ìyá ẹ̀ ló dá a padà. Mo bi í dáadáa, Jọlá. Kò sẹ́ni tó ń padà wálé láti ibẹ̀."

Jọlá gbé ìka kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ pé irú irọ́ yẹn kọ́ ni ìyá òun máa ń pa.

"Ìgbà wo ni wọ́n sọ fún yín?"

"Ọjọ́ kẹjọ rèé."

"You've known for a week?"

"Mo fẹ́ kó o lọ síbi tó burú, kó o lè tètè padà."

Kò pariwo. Ó ní, "Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n lọ báyìí ni?"

"Rárá o! Mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ ní láíbìrì lọ́jọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ba ìyẹn jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Ó pa ti Jakarta dé, ó ṣí ti Malang. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n bá òun kà á. A jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo béèrè nípa ilé, mo béèrè nípa dókítà, mo béèrè nípa ọjọ́ ìsinmi, ó sì ń fi sùúrù dá mi lóhùn. Ọdún méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó wo ojú mi, mo mi orí pé ó dára, ó fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kí i kú oríire, igbe ló jáde lẹ́nu mi. Dàpọ̀ sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní ta ló kú.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni mo ní. "Ọmọ ẹ ló ríṣẹ́."