Òkúta Pupa Abẹ́ Mọ́tò

Oòrùn kò tíì yọ dáadáa tí Ọláyẹmí ti fi ikùn lélẹ̀ nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Ó ki apá bọ abẹ́ jíìpù Adélaní títí dé èjìká, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta kan ṣoṣo. Òkúta íńtálọ́ọ̀kì tó wà nínú àgbàlá náà lé ní ẹgbẹ̀rún, àwọ̀ eérú sì ni gbogbo wọn. Ẹyọ kan yìí nìkan ló pupa. Epo ẹ́ńjìnì ti ń kán sí i láti oṣù méje, ó ti ń dúdú lọ. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, òórùn epo òyìnbó tó pò mọ́ ọṣẹ ń ta á lójú, síbẹ̀ kò dẹwọ́, nítorí pé orí ọkọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ òkúta yẹn.

Akínsànyà, ọmọ Oǹdó, ló kọ́ ilé náà sí Ọ̀bà-Ilé nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, fúláàtì mẹ́rin, ọ̀kan fún òun àti ìyàwó rẹ̀, mẹ́ta fún ayálégbé. Iwájú ilé, níbi tó máa ń gbé Pijó rẹ̀ sí, ló ní kí wọ́n sin òun sí bí òun bá kú. Ó máa ń fi ṣe àwàdà pé òun kò ní fi àyè mọ́tò òun sílẹ̀ fún ayálégbé kankan láéláé. Nígbà tó wá kú lóòótọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ ní Oǹdó fárígá. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ sùn sí ìlú onílùú. Wúrà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló bá Ọláyẹmí bẹ̀ wọ́n. Ohun kan péré ni Wúrà béèrè, pé kí wọ́n kọ́ sàréè náà sókè, kí wọ́n kọ orúkọ sí i, kí ẹni tó bá ti Oǹdó wá lè rí ibi tí yóò dúró sí kí ó tó gbàdúrà. Ọláyẹmí kúnlẹ̀, ó sì ṣèlérí.

Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fi táìsì funfun bò ó. Kí ọdún tó yí po, fúláàtì méjì ti ṣófo. Ajẹ́ńtì tó ń bá a wá ayálégbé jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, àwọn èèyàn ń wọ géètì, wọ́n ń rí sàréè, wọ́n ń dá ẹsẹ̀ padà. Ìyá náà fi oṣù mẹ́ta rò ó. Lẹ́yìn náà ló pe bíríkìlà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà fi wó táìsì, ó tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì to íńtálọ́ọ̀kì lé e lórí láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí Ọláyẹmí bẹ̀ ẹ́ fún kò ju pé kó fi òkúta pupa kan sí apá ibi tí orí wà, kí òun má baà ṣi ọkọ òun mọ̀. Ajẹ́ńtì búra pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Wúrà bá sì pè láti Oǹdó lọ́dọọdún, tó bá béèrè bóyá wọ́n ń nu táìsì yẹn dáadáa, Ọláyẹmí á ní, "Wọ́n ń nù ún, mà."

Ayálégbé wọlé lóòótọ́, àti àwọn àti mọ́tò wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fẹ́ di onílé lọ bi onílé léèrè. Ràhímù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà ní Àkúrẹ́, máa ń dábùú bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí ẹnu géètì tó fi jẹ́ pé fèrè mọ́tò ló ń jí gbogbo àdúgbò. Tíṣà kan tó ń gbé ní fúláàtì òkè ń gbé mọ́tò tirẹ̀ dí ẹnu kànga. Wọ́n ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ lórí àyè lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni iwájú ilé gan-an ṣófo fún ọdún mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni kò gbé nǹkan sí i. Ó máa ń ya Ọláyẹmí lẹ́nu. Ó gbà pé Ọlọ́run ló ń bá òun pa ibẹ̀ mọ́.

Àfìgbà tí Adélaní dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọ ogójì ọdún, ọmọ tó ń kí èèyàn bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un. Ọjọ́ tó kó wọlé gan-an ló gbé jíìpù rẹ̀ lé òkúta pupa. Ọláyẹmí kó ìkòkò òdòdó síbẹ̀. Adélaní rọra gbé wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tilẹ̀ bomi rin wọ́n. Ìyá náà yí táyà àlòkù síbẹ̀, Adélaní bá a tò wọ́n jọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó pe ìpàdé ilé lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò, Adélaní ló sì sọ̀rọ̀ tó dára jù níbẹ̀, ó ní kí oníkálukú máa ro ti ẹnìkejì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, jíìpù wà níbi tó máa ń wà.

Kí ló dé tí kò sọ ọ́ síta? Ó ti sọ ọ́ dé ìdajì. Ó ti ní, "Adélaní, ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi tí à ń gbé mọ́tò sí o." Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Adélaní fèsì pé, "Mo ti gbọ́, Mọ́mì," kò sì yí padà. Bí ó bá sì sọ ìdajì tó kù, pé sàréè ni, ta ni yóò dúró? Ohun tó ń fi tu ara rẹ̀ nínú kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, tó máa ń sọ sínú bó bá ti ń fọ òkúta náà ní ìdájí: ọmọ náà kò mọ̀ ni. Bó bá mọ̀ ni, kò ní dán an wò.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kò sí mọ́. Òní ló pé ọdún mẹ́wàá tí Akínsànyà kú, Wúrà sì ti pè lálẹ́ àná pé òun ń bọ̀. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó wá láti ọjọ́ ìsìnkú, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ rí àbúrò òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun náà tó lọ. Ọláyẹmí kò lè fojú kan oorun. Ó ti pète pé kí jíìpù kúrò níbẹ̀, kí òun tẹ́ aṣọ funfun, kí òun gbé fọ́tò ọkọ òun lé e, kí òun sì sọ pé wọ́n ń tún sàréè ṣe ni. Bí mọ́tò kò bá kúrò, kò sí irọ́ tó lè bò ó.

Ó kanlẹ̀kùn Adélaní ní agogo méje. Adélaní dáhùn láti ojú fèrèsé, pé, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì, mo ń bọ̀ wá gbé e, ìṣẹ́jú márùn-ún." Ọláyẹmí gún iyán, ó se ọbẹ̀, ó padà wá. Ará ilé Adélaní ní ó ń wẹ̀. Ní agogo mẹ́sàn-án, ó ń jẹun, ó sì tún kí i dáadáa. Nígbà tí ìyá náà máa fi jáde sí ẹnu géètì, kẹ̀kẹ́ Máruwá kan ti dúró, Wúrà sì ti ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ tí yóò tẹ̀.

Ọláyẹmí kúnlẹ̀ kí i. Wúrà gbé e dìde, ó pè é ní ìyàwó wa, ó béèrè àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òdòdó oníke wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù, ó sì ń wo àgbàlá náà yípo bí ẹni tó ń wá ẹni tó ní òun yóò dúró dè é.

"Níbo ló wà?"

Ọláyẹmí ti kọ́ irọ́ náà láti òru, gbólóhùn márùn-ún ni. Ó la ẹnu. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ẹsẹ̀ òtítọ́ sì ti wọ géètì báyìí pẹ̀lú ọ̀pá. Kò rí ọ̀kan pè nínú márààrún.

"Abẹ́ mọ́tò yẹn ni, mà."

Wúrà wo jíìpù náà títí. Ó fi ọ̀pá rìn dé ibẹ̀, ó yọ òdòdó nínú láílọ́ọ̀nù, ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá ń gbàdúrà jẹ́jẹ́ lédè Oǹdó, èdè tí Ọláyẹmí, ọmọ Àkúrẹ́, kò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ títí di òní. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀ nígbà èwe ló dá mọ̀.

Ibẹ̀ ni Adélaní bá wọn, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó rí òdòdó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró. Ìtìjú àti ìbínú gbé Ọláyẹmí, ìdajì ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti oṣù méje sì jáde.

"Ọkọ mi lò ń gbé mọ́tò lé lórí."

Ó ń retí kí Adélaní káwọ́ lérí. Ó ń retí kí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí ó ní òun kò mọ̀. Òun gan-an ti múra láti dárí jì í. Adélaní wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀, mà," ni ó wí. Ohùn tó fi ń kí i káàárọ̀ náà ló fi sọ ọ́. "Ajẹ́ńtì sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá wo ilé. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún, kí wọ́n má baà wá bá a jà tó bá yá. Gbogbo ilé ló mọ̀, Mọ́mì. Ìdí tí ibẹ̀ fi ń ṣófo nìyẹn, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Èmi ò kà á sí." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀. "Bí ẹ ṣe wá fi íńtálọ́ọ̀kì bò ó, mo rò pé ẹ̀yin náà ti gbé e kúrò lọ́kàn ni. Ẹ má bínú, mà."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òdòdó náà fún Wúrà, ó wọ inú jíìpù, ó sì jáde lọ. Wúrà béèrè bóyá òkúta pupa yìí ni. Ọláyẹmí ní orí rẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà tẹ̀ ba díẹ̀díẹ̀, ó fi òdòdó lé e. Kò jẹ iyán. Kò tilẹ̀ gba omi. Ẹnu géètì ló ti sọ ọ̀rọ̀ tó kù, ojú rẹ̀ kò sì sí lára ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"N óò sọ fún wọn nílé pé mo rí i. N ò ní sọ bí mo ṣe rí i."

Ọláyẹmí dúró títí kẹ̀kẹ́ Máruwá fi gbé e lọ. Ó gbé àga jáde, ó jókòó sí iwájú ilé, iyán sì tutù sínú ilé. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Ràhímù dé, ó dábùú bọ́ọ̀sì sí ẹnu géètì bí ìṣe rẹ̀, àyè gbalasa wà níwájú rẹ̀, kò wò ó. Ṣàkírátù, ìyàwó rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó rìn dé ẹ̀bá ibẹ̀, ó yà, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, ó sì kí Ọláyẹmí. Ọdún mẹ́rin ni Ọláyẹmí ti ń rí i tó ń yà bẹ́ẹ̀. Ó rò pé epo mọ́tò ló ń sá fún, kò sì rántí pé kò sí mọ́tò níbẹ̀ nígbà náà.

Ó wá yé e. Ẹni tí sàréè máa bà lẹ́rù, ẹ̀rù ti bà á, ó sì dúró. Ẹni tí kò ní ka sàréè sí, kò kà á sí, òun náà dúró. Kò sí ẹni tí wíwó táìsì yẹn gbà wọlé. Ara rẹ̀ nìkan ló tàn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè sunkún.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí fèrè jíìpù dún. Ràhímù sún bọ́ọ̀sì rẹ̀, Adélaní wọlé. Kò sí àyè níbòmíràn. Ó dúró, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó ń wo onílé rẹ̀ láti inú gíláàsì. Lóòótọ́, ó ń dúró gbàṣẹ, ọmọ tó mọ̀wà ni. Ọláyẹmí wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ pé rárá. Èyí tó rí kò lágbára ju íńtálọ́ọ̀kì tó fi owó ara rẹ̀ rà lọ.

Ó dìde. Ó gbé òdòdó oníke kúrò, ó fi há abíyá. Ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti máa ń dúró ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí Akínsànyà bá ń gbé Pijó rẹ̀ wọlé, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, bó ṣe máa ń gbé e.

"Máa bọ̀. Máa bọ̀. Ṣe é sápá òsì díẹ̀."

Táyà iwájú yẹ òkúta pupa sílẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Ó tó."

Adélaní pa ẹ́ńjìnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Mọ́mì," ó sì wọlé rẹ̀ lọ. Ọláyẹmí tẹ̀ ba láti yẹ ibẹ̀ wò. Òkúta pupa gbẹ. Epo kán lẹ́ẹ̀kan, ó tún kán, ó bọ́ sórí òkúta eérú kan lápá ìsàlẹ̀. Ó fi ìka wọn ibẹ̀ láti ibi orí wá: àyà ọkọ rẹ̀ ni.